Orúrù: ilé rẹ̀, ìrìn àjò rẹ̀, àti ibi tó yẹ kí ẹ gbìn ín sí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pùlọ́ọ̀tì méjì tó fara kanra ni mo rà lẹ́yìn odi Ìbàdàn, 50 ẹsẹ̀ sí 100 ẹsẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ́ ilé sí ọ̀kan, èkejì ṣì ṣófo. Igi kan wà nínú igbó ẹ̀yìn wa tó máa ń yọ òdòdó pupa fòò. Ìyá ìyàwó mi ní orúrù ni. Ó wù mí kí n gbin ọ̀kan síwájú ilé, níbi tó máa fi nǹkan bíi mítà 4 jìnnà sí ògiri. Káfíńtà tó bá mi kan òrùlé ní kí n má dán an wò. Ó ní igi òyìnbó ni, pé àwọn ló gbé e wá gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti pé ó máa ń wó ilé. Mo ti gbin hóró rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sí èyí tó hù nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Florianópolis ní Bùràsíìlì sì ti gbọ́, òun náà ní kí n fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Ìyá ìyàwó yín ló jàre. Igi ilẹ̀ wa ni orúrù. Láti etíkun Gánà títí dé Kóńgò àti Ùgáńdà ló ti ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Ẹsẹ Ifá ti dárúkọ rẹ̀ pé "orúrù wẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ kanlẹ̀", ẹni tó bá sì ti rí i lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí òdòdó bò ó láti orí, kò ní béèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ náà kò jìnnà sí wa. Akòko tí a ń já ewé rẹ̀ lé ọba lórí, àti pándòrò tí èso rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ìdílé Bignoniaceae kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mú òdòdó akòko kan dání, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti orúrù: àwọ̀ yàtọ̀, ìwọ̀n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni, ẹnu fẹ̀, ìdí tín-ín-rín, bí fèrè.

Ó jọ pé pánṣẹ́kẹ́ ni káfíńtà yín ní lọ́kàn. Ìyẹn ni igi àjèjì; Madagásíkà ló ti wá, ọdún 1829 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ewéko. Àwọn méjèèjì ló ń pọ́n, àwọn méjèèjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń ṣì wọ́n mú. Ewé pánṣẹ́kẹ́ kéré wínníwínní bí ìyẹ́ adìyẹ, èso rẹ̀ gùn pẹlẹbẹ bí àkọ̀ àdá, á rọ̀ wálẹ̀, á sì máa mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tó bá gbẹ. Ewé orúrù tóbi, wọ́n tò ní méjìméjì sórí ọ̀pá kan tó lè gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀kan á sì dá dúró lórí. Òdòdó rẹ̀ dà bí ife, orí ẹ̀ka pátápátá ló máa ń jókòó sí, níta gbangba. Èso rẹ̀ kì í rọ̀. Ṣe ló máa ń nàró, á wá là ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré.

Ibi tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ káfíńtà ni pé àwọn òyìnbó ló mú orúrù kúrò nínú igbó tó di igi ọgbà. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Palisot de Beauvois ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn. Ọdún 1786 ló wọkọ̀ wá sí etíkun wa. Ó gbé ní Oware, ìyẹn Warri òde òní, ó sì dé Benin. Àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó kúrò, Saint-Domingue, èyí tó di Háítì lónìí, ló gbà lọ, iná rúkèrúdò ibẹ̀ sì tún jó nínú ẹrù rẹ̀. Àwọn ewé àti òdòdó gbígbẹ tó ti fi ṣọwọ́ sí Paris ṣáájú ni wọ́n yọ nínú ewu. Nínú ìwé tó fi wọ́n kọ, Flore d'Oware et de Bénin, ni orúkọ náà Spathodea campanulata ti jáde ní 1805. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wá láti inú èdè Gíríìkì, nítorí pé ohun tó bo òdòdó náà dà bí àkọ̀; èkejì ní ó dà bí agogo.

Ohun tó dà bí àkọ̀ yẹn yẹ ní wíwò dáadáa. Òdòdó tí kò tíì là máa ń wé mọ́ra bí èékánná àṣá, àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀ tútù, ó sì ń kúnná bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, tí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ lu orí rẹ̀, omi á tú jáde fín-ín bí ìgbà tí ọmọdé ń fi bàírò ṣeré. Kì í ṣe òjò ló kó síbẹ̀. Inú àkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń sun omi yẹn, inú rẹ̀ ni òdòdó á wà títí á fi tóbi tó láti la àkọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Melchior Treub, ọ̀gá ọgbà ewéko ìlú Bogor ní erékùṣù Java, kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ omi yìí ní 1889. Ìyẹn fi hàn wá pé kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé lẹ́yìn Palisot, igi wa ti ń tanná ní Éṣíà. Àwọn ọmọdé kò dúró de onímọ̀ kankan. Ibi tí igi yìí bá dé, eré omi ni wọ́n á kọ́kọ́ fi í ṣe: àwọn ará Bùràsíìlì kan ń pè é ní bisnagueira, torí pé ó ń tú omi jáde; àwọn ará Puerto Rico ń pè é ní meaíto, torí pé ó ń tọ̀. Kí ẹ kàn ṣọ́ra fún aṣọ funfun ni, omi náà máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí àwọn alábòójútó ọgbà fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín nípa ìwájú ilé wà. Hóró rẹ̀ fúyẹ́ bíi bébà, ó ní ìyẹ́ tó mọ́ gaara yí ká, bíi 500 ló máa ń wà nínú èso kan. Ẹ lè fi àpò lẹ́tà kan ṣoṣo kó oko orúrù ránṣẹ́. Ó ń yára hù, ó ń yára ga, ọdún 3 sí 4 tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló ti lè tanná. Òdòdó inú ìdì kan kì í sì là pa pọ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta á kọ́kọ́ là, àwọn tó kù á máa tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀ lọ sí àárín, nítorí náà igi kan lè pọ́n fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Sri Lanka gbà á wọlé ní 1873. Háwáì, àwọn erékùṣù Kàríbíánì, Bùràsíìlì, Ọsirélíà, Fíjì, gbogbo wọn gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ títì àti ọgbà ìjọba.

Ìwà kan náà yẹn ló wá di wàhálà fún wọn. Ní Puerto Rico, nígbà tí àwọn èèyàn ń fi oko ìrèké, kọfí àti tábà sílẹ̀ láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, orúrù ló gba oko wọ̀nyẹn. Ó wà lára igi tó pọ̀ jù lọ nínú igbó tuntun ibẹ̀ lónìí. Ní Fíjì, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ du ilẹ̀ kókò, òpó ọgbà tí wọ́n bá sì fi í ṣe á tún yọ ewé. Ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà ti fòfin de títà rẹ̀. Nígbà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, to orúkọ ẹ̀dá 100 tó ń ṣe ìbàjẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn jọ ní 2000, orúrù wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi gba gbogbo oko wa níbí? Níbi tí wọ́n ti bí i, ó ní àwọn ọ̀tá tó ń jẹ ẹ́. Òun nìkan ló rin ìrìn àjò yẹn, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a lọ. Ohun tí àwọn ará Cook Islands rò nìyẹn tí wọ́n fi kó kòkòrò tíntìntín tó ń ba ewé rẹ̀ jẹ́ láti Gánà lọ sí erékùṣù Rarotonga láti bá wọn dín in kù.

Igi ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà di igbó ni orúrù, igi tó máa ń sáré gba àyè kí àwọn igi líle tó dé. Igi tó bá ń sáré báyìí kì í ní egungun. Pákó rẹ̀ rọ̀, ó funfun, ó fúyẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ láwọn ibì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń fi í ṣe ẹwìrì torí pé kì í tètè gbiná, wọ́n sì ń fi í gbẹ́ ìlù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í kan ilé. Nítorí náà, "gbòǹgbò rẹ̀ máa wó ilé" kọ́ ni ìkìlọ̀ tó yẹ kí káfíńtà fún yín. Ẹ̀ka ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Igi tó bá ti dàgbà lè ga tó mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjì oṣù kẹrin tó máa ń ṣáájú òjò ló sì máa ń já ẹ̀ka rẹ̀ lulẹ̀. Gbòǹgbò tirẹ̀ kì í lọ jìnnà sísàlẹ̀. Kò ní wó ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ dára, àmọ́ á gbé íńtálọ́ọ̀kì sókè, á wọ páìpù tó bá ti sán, á sì wá omi lọ sí kòtò ilé ìyàgbẹ́.

Mítà 4 sí ògiri kéré jù, ẹ gbàgbé ìyẹn. Mítà 10 sí ilé ni kí ẹ fi sọ́kàn, mítà 7 ó kéré tán sí fẹ́ǹsì, mítà 10 sí kòtò ilé ìyàgbẹ́ àti kànga, kí ó má sì sí wáyà iná NEPA lórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ 50 jẹ́ nǹkan bíi mítà 15. Tí ẹ bá gbìn ín sí àárín gbùngbùn pùlọ́ọ̀tì kejì, mítà 7 àbọ̀ ló máa wà láàárín rẹ̀ àti fẹ́ǹsì aládùúgbò. Tí ẹ bá sì ti fi mítà 3 sílẹ̀ láàárín ilé yín àti ààlà pùlọ́ọ̀tì méjèèjì nígbà tí ẹ ń kọ́lé, mítà 10 àti ààbọ̀ ló wà sí ògiri. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ kò ní lè kọ́ ohun ńlá mìíràn sí pùlọ́ọ̀tì náà mọ́. Tí ẹ bá ní i lọ́kàn láti kọ́lé síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ má wulẹ̀ gbìn ín.

Ẹ sì má gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Òdòdó tó bá já máa ń kún fún omi, á di yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Àgbàlagbà lè yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Orí koríko tàbí ilẹ̀ lásán ló yẹ kó máa já sí.

Fún iwájú ilé, akòko ló wù mí fún yín. Ó nàró gbọn-ọn, kì í tẹ́ ẹ̀ka kalẹ̀ púpọ̀, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀ka tí ẹ bá gé gún ilẹ̀ lásìkò òjò á hù, mítà 3 sí ògiri kò sì ní dà á láàmú. Ìbátan orúrù kan náà ni, kò kàn ní ìyára.

Ó wá kan hóró tí kò hù. Hóró orúrù kò nílò omi gbígbóná tàbí kí ẹ fi nǹkan ha á lára bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún pánṣẹ́kẹ́. Tí kò bá hù, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin ló fà á: èso náà kò tíì gbó nígbà tí ẹ já a, tàbí hóró ti pẹ́ jù nílé, tàbí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jù, tàbí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá. Ti ìkẹyìn yìí ló ń ṣẹlẹ̀ jù, àwọn èèyàn kì í sì í mọ̀. Orúrù kì í fi àtíkè inú òdòdó rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di olóyún. Igi kan ṣoṣo tó dá wà lè tanná lọ́dọọdún kó má so nǹkan tó jọjú, àyàfi tí òmíràn tí kì í ṣe ẹ̀ka tirẹ̀ bá wà nítòsí, kí ẹyẹ àti àdán lè gbé àtíkè láàárín wọn. Ẹ wo inú igbó ẹ̀yìn yín: tí ìyẹn bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ wá èso lọ sí ibi tí orúrù bá pọ̀ sí.

Nǹkan bí oṣù 5 lẹ́yìn tí òdòdó bá já ni èso máa ń gbó. Ẹ dúró tó máa fi yí láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ ilẹ̀, tó le gan-an, tí ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ṣùgbọ́n kó má tíì là. Tó bá là lórí igi, afẹ́fẹ́ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í, kí ẹ fi í sí ibòòji títí á fi là fúnra rẹ̀. Ẹ wá mú hóró bíi mẹ́wàá, ẹ nà wọ́n sí oòrùn. Èyí tó dára máa ń ní nǹkan tó dà bí ọkàn ní àárín ìyẹ́ rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kò kọjá níbẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ gaara láti etí dé etí, òfìfo ni, ẹ má fàkókò ṣòfò. Ẹ gbìn wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan; bí wọ́n bá ṣe ń pẹ́ sí nílé ni èyí tó máa hù ń dín kù.

Ẹ mú bàsíà ike tí kò jìn, ẹ lu ìdí rẹ̀ ní ihò bíi mẹ́wàá. Ìlọ́po mẹ́ta ilẹ̀ dúdú tí ẹ sẹ́ sí ìlọ́po kan yanrìn odò ni kí ẹ pò síbẹ̀, kó jìn tó 8 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ bomi rin ín kó tó di pé ẹ gbin ohunkóhun. Ẹ tẹ́ hóró lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí 3 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wá ta yanrìn díẹ̀ sí i, kó kàn di ìyẹ́ wọn mú kí afẹ́fẹ́ má gbé wọn. Tí ẹ kò bá rí hóró mọ́ rárá, yanrìn ti pọ̀ jù. Ìkòkò afọ́nmi ni kí ẹ máa fi fọ́n omi sí i, torí pé tí ẹ bá fi kọ́ọ̀pù da omi lé e, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sí igun kan. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ni ẹ máa fi rí wọn. Ohun tó máa ń pa wọ́n lásìkò yìí ni omi àpọ̀jù. Ọrùn wọn á rà lójú ilẹ̀, wọ́n á sì dojú bolẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Tí ẹ bá rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ẹ hú u jù nù, ẹ dá omi dúró fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì ṣí i sí afẹ́fẹ́.

Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ní ewé gidi mẹ́rin, ẹ fi ṣíbí wú u pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ sínú ọ̀rá dúdú. Ọ̀rá píọ́wọ́tà méjì tí ẹ wọ̀ sínú ara wọn, tí ẹ sì lu ìdí wọn, á ṣiṣẹ́ náà. Ibòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà oòrùn. Èyí tí ẹ gbìn ní oṣù kìíní á ti ga tó 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Tí sùúrù yín kò bá tó ìyẹn, ọ̀nà kúkúrú wà. Ẹ lọ sídìí orúrù inú igbó yẹn, ẹ wo ilẹ̀ yí i ká. Èèhù máa ń yọ láti ara gbòǹgbò rẹ̀, pàápàá níbi tí ọkọ́ tàbí àdá bá ti gé gbòǹgbò náà. Èyí tó bá tó àtàǹpàkò ní ìbú ni kí ẹ mú. Ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gé gbòǹgbò tó so mọ́ igi ìyá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí bíi 25 sẹ̀ǹtímítà gbòǹgbò bá a wá, kí ẹ sì já ìdajì ewé rẹ̀ dànù kó má bàa gbẹ. Igi tí ẹ bá rí báyìí á ṣe bíi ti ìyá rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá rí oríṣi tó ń yọ òdòdó yẹ́lò kò fi gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé hóró rẹ̀. Èèhù tàbí ẹ̀ka ni kó mú. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún yín: tí èèhù ìyá kan náà bá dá wà, èso tó máa so kò ní tó nǹkan, hóró kò sì ní máa fò wọ ọgbà àwọn aládùúgbò.

Kòtò 60 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti ní jíjìn tó. Ẹ ya ilẹ̀ òkè sọ́tọ̀, ẹ fi páànù bíríkìlà méjì ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà pò ó, kí ẹ dá a padà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ya ọ̀rá kúrò, kí ojú ilẹ̀ inú ọ̀rá wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú ilẹ̀ ìta. Ẹ gún òpó kan tì í, kí ẹ fi aṣọ so ó, kì í ṣe wáyà. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nìkan ló nílò yín: garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kí koríko náà má kan èèpo igi torí ikán.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ máa fi àyùn pinnu bóyá ẹ̀ka rẹ̀ á já lọ́jọ́ iwájú. Orí kan ṣoṣo ni kó ní. Tó bá pín sí méjì tí wọ́n jọ ń gòkè, tí wọ́n sì fún ara wọn bí ìka ọwọ́, ẹ gé ọ̀kan dànù kíákíá, torí pé ibi oríta yẹn ni ìjì máa là á sí. Kí ẹ̀ka má sí ní mítà 2 àbọ̀ àkọ́kọ́. Fún ẹ̀ka tó bá ti nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ẹ lábẹ́ díẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ara igi, ẹ wá rẹ́ ẹ lókè ní iwájú díẹ̀ títí á fi já, lẹ́yìn náà ẹ rẹ́ kùkùté tó kù, kí ẹ fi ibi tó wú ní ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ibi tó wú yẹn ló ń pa ojú ọgbẹ́ dé. Iṣẹ́ tí mo kórìíra jù ni ti àwọn tó ń bẹ́ orí igi kúrò pátápátá torí pé ó ga jù. Orúrù á fi ogún èèhù dáhùn láti ojú ibi tí wọ́n bẹ́, kò sí èyí tó di igi mú dáadáa nínú wọn, àárín á sì máa jẹrà wọlé lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, igi náà á léwu ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá ń yọ ewé ṣáá láìtanná, ẹ wò ó bóyá ibòòji ló wà, tàbí ẹ ń da ajílẹ̀ fún un. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró. Ọdún méjì ìyà díẹ̀ máa ń mú un tanná.

Tí ẹnì kan bá sì ti gbìn ín sítòsí ilé ṣáájú, gígé nìkan kò ní pa á. Ẹ gé e sún mọ́ ilẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú kùkùté náà pẹ̀lú oògùn apakoríko tó ní glyphosate lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá má kọjá. Tí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ, oògùn kò ní wọlé. Ibọ̀wọ́ lọ́wọ́, kò sì gbọ́dọ̀ kan ewéko mìíràn. Ẹ ó ṣì máa hú èèhù fún bí ọdún kan. Ẹ kó gbogbo ègé gbòǹgbò àti ẹ̀ka kúrò nílẹ̀ tútù, torí pé wọ́n ń hù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má fi ránṣẹ́ o. Florianópolis ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Santa Catarina, ìpínlẹ̀ náà sì ti ṣòfin ní 2019 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbin orúrù tàbí kí ó tọ́jú èèhù rẹ̀ fún títà mọ́. Oyin ló fà á. Bùràsíìlì ní oríṣiríṣi oyin ilẹ̀ wọn tí kì í ta, wọ́n sì máa ń rí wọn ní òkú nínú ife òdòdó orúrù. Ohun tó wà nínú òdòdó náà ń pa wọ́n. Níbí, ẹyẹ tó ní ẹnu ṣóńṣó àti àdán ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá a ṣe, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sin oyin, èmi kò ní gbé ilé oyin sítòsí rẹ̀ níbí náà. Láìka ti òfin yẹn, hóró kì í kọjá ẹnubodè nínú lẹ́tà lásán: wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn níbí, àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọ̀gbìn wọn níbẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n béèrè igi tó ń jẹ́ ipê ní nọ́sìrì tó bá sún mọ́ wọn. Igi ilẹ̀ Bùràsíìlì ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú orúrù àti akòko ló ti wá, òdòdó rẹ̀ náà dà bí fèrè. Àwọn tó ń yọ yẹ́lò wà, àwọn tó ń yọ pupa rẹ́súrẹ́sú wà. Ó máa ń gbọn ewé rẹ̀ dànù kó tó tanná, nítorí náà tí ewé rẹ̀ bá ń já lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí wọ́n má rò pé ó kú kí wọ́n sì gé e.